Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ̀sìn àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ àti ìgbàgbọ́ Kristẹni, báwo ni kí n ṣe fi wọ́n wéra fún àwọn ọ̀dọ́?

Olùkọ́Ọ̀dọ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mò ń bójú tó ẹ̀kọ́ Bíbélì àwọn ọ̀dọ́ ní ìjọ wa. Ọ̀kan nínú wọn mú fídíò kan wá sí kíláàsì, níbi tí ẹnì kan ti ń fi gbogbo ẹnu sọ pé kò sí ohun tuntun kankan nínú ẹ̀sìn Kristẹni, pé lọ́dọ̀ àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ni wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀. Ó ní Dionysos, òrìṣà wáìnì wọn, ti sọ omi di wáìnì kí Jésù tó ṣe é, pé December 25 ni wọ́n bí òun náà, pé Herakles akọni wọn jẹ́ ọmọ Ọlọ́run, pé Asklepios, òrìṣà ìwòsàn, jí òkú dìde. Àwọn ọmọ náà fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Mi ò fẹ́ pa wọ́n lẹ́nu mọ́, nítorí ọmọ tí a bá pa lẹ́nu mọ́ nílé, ìta ni yóò ti lọ béèrè. Àwọn alàgbà ti fún mi ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta láti fi ẹ̀sìn méjèèjì wéra. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Kí sì ni kí n má ṣe fi àkókò ṣòfò lé lórí?

ỌmọÌjẹ̀bú

Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 14, 17 àti 19. Ibi mẹ́ta yẹn ni àwọn àpọ́sítélì ti kojú àwọn tó ń sin òrìṣà Gíríìkì. Ẹ kà wọ́n kí ẹ tó ka ohunkóhun mìíràn. Ní Lísírà, àwọn ará ìlú rí arọ tó dìde rìn, kíá ni wọ́n pe Bánábà ní Zeus, olórí àwọn òrìṣà wọn (Júpítérì ni Bíbélì àtijọ́ pè é), wọ́n sì pe Pọ́ọ̀lù ní Hermes, òrìṣà tó ń jíṣẹ́ fún Zeus, torí pé òun ló ń sọ̀rọ̀. Àwòrò Zeus ti kó akọ màlúù àti òdòdó dé ẹnubodè, ó fẹ́ rúbọ sí wọn. Ní Éfésù, Dèmétríù alágbẹ̀dẹ fàdákà rí i pé ọjà àwòṣe ilé òrìṣà Artemis fẹ́ kú mọ́ òun lọ́wọ́, ó kó gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ jọ, ìlú sì fi wákàtí méjì gbáko pariwo orúkọ òrìṣà wọn. Àwọn ọmọ á rí i níbẹ̀ pé ẹ̀sìn yẹn kì í ṣe ìtàn àlọ́. Oúnjẹ wọn wà nínú rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Àtijọ́

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Olùkọ́. Ẹ̀kọ́ nípa Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́ ni mo kà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lọ́kàn mi gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á bí mo bá kọ ọ́ gùn.

Ohun tí mo máa bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ yọ lọ́kàn àwọn ọmọ náà ni èrò pé ẹ̀sìn Gíríìkì dà bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, pé òrìṣà ibẹ̀ ló kàn pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wọn kò ní ìwé mímọ́. Wọn kò ní ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí gbogbo ènìyàn ń kà pa pọ̀. Ewì Homer àti ti Hesiod ni wọ́n fi mọ ìtàn àwọn òrìṣà, ṣùgbọ́n ewì ni, kì í ṣe òfin. Pindar akéwì kọ orin ìyìn fún ẹni tó borí ní ìdíje Olympia, ó sì sọ gbangba nínú rẹ̀ pé òun kò gbà pé àwọn òrìṣà jẹ ẹran ara Pelops, ọmọ tí bàbá rẹ̀ sè fún wọn, bí ìtàn àtijọ́ ṣe wí. Kò sí ẹni tó pè é lẹ́jọ́. Xenophanes, akéwì tó tún jẹ́ amòye, tilẹ̀ kọjá ibẹ̀: ó ní àwọn ará Etiópíà gbà pé òrìṣà àwọn dúdú, imú wọn sì pẹlẹbẹ, àwọn ará Thrace ní irun ti àwọn pupa, pé bí màlúù bá lówọ́ tó lè fi yàwòrán, òrìṣà tó máa dà bíi màlúù ló máa yà.

Ohun tí ìlú ń béèrè ni pé kí o bá wọn ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe fún àwọn òrìṣà ìlú. Nígbà tí wọ́n gbé Socrates amòye lọ sí ilé ẹjọ́ ní Áténì ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Kristi, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé kò ka àwọn òrìṣà tí ìlú kà sí, pé ó ń mú tuntun wọlé, pé ó sì ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Ikú ni wọ́n dá fún un.

Nítorí náà, ibi pẹpẹ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣàpèjúwe ọjọ́ ẹbọ kan fún wọn kí wọ́n lè fojú inú rí i. Ìta gbangba ni pẹpẹ máa ń wà, níwájú ilé òrìṣà. Ère ló ni inú ilé. Àwọn ènìyàn á tò wá. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan á ru agbọ̀n ọkà báálì, ọ̀bẹ á sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á wọ́n omi sí màlúù náà lórí kí ó lè mirí. Wọ́n á da ọkà sí i lára, wọ́n á gé irun díẹ̀ níwájú orí rẹ̀, wọ́n á jù ú sínú iná. Bí ọ̀bẹ bá ti kàn án lọ́rùn, àwọn obìnrin á ké gee lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fi ọ̀rá wé egungun itan, wọ́n á sun ún kí èéfín rẹ̀ lè gòkè lọ bá òrìṣà. Wọ́n á fi irin sun ẹ̀dọ̀ àti ọkàn rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ jẹ, wọ́n á wá se ìyókù, wọ́n á pín in láàárín ara wọn.

Ọmọ tó bá gbọ́ èyí dáadáa á béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ egungun ni ti òrìṣà, tí ẹran sì jẹ́ ti ènìyàn. Àwọn ará Gíríìsì náà béèrè. Hesiod ní Prometheus, ọ̀kan lára ìran àwọn òrìṣà àtijọ́, ló tan Zeus jẹ ní ibi kan tó ń jẹ́ Mekone. Ó fi ọ̀rá tó ń dán bo egungun, ó fi ṣàkì bo ẹran tó dára, ó ní kí Zeus mú èyí tó bá wù ú. Zeus bínú, ó sì fi iná du ọmọ aráyé. Ẹ wò ó: ẹbọ tí gbogbo ìlú ń rú, ẹ̀tàn àti ìbínú ló wà nídìí rẹ̀ nínú ìtàn tiwọn fúnra wọn. Nínú ìgbàgbọ́ Kristẹni, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló pèsè ẹbọ, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìwé Hébérù sì ní kò sí òmíràn mọ́. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ yìí jinlẹ̀ ju pé òrìṣà pọ̀ níbì kan tí Ọlọ́run sì jẹ́ ọ̀kan níbòmíràn.

ÌyáAyọ̀

Ẹ ṣeun, àbúrò mi. Mo ti ka eléyìí lẹ́ẹ̀mejì. Olùkọ́, ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ lé wọn lórí lọ́jọ́ kan o. Ẹ fi ọjọ́ kan ṣe pẹpẹ, ẹ fi ọjọ́ kan ṣe ikú, ẹ wá fi èyí tó kù ṣe àwọn ohun tí fídíò náà sọ. Ti fídíò ni kó kẹ́yìn, kí wọ́n tó débẹ̀ wọn á ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi wọ̀n ọ́n.

ỌmọÌṣẹ̀ṣe

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè. Èmi kì í ṣe Kristẹni, ìṣẹ̀ṣe ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí Olùkọ́ fẹ́ ṣe yìí. Ẹ̀bẹ̀ méjì ni mo ní.

Àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ jáde pẹ̀lú èrò pé ẹni tó ń rúbọ kò ní ọkàn, pé ẹran nìkan ló ń wá lọ. Ìdúpẹ́ wà níbẹ̀, ìbẹ̀rù wà níbẹ̀, ìfẹ́ náà wà níbẹ̀.

Èkejì, ẹ má sọ fún wọn pé Zeus ni Ṣàngó. Mo ti gbọ́ ọ títí, nítorí àrá ni. Ìtàn tiwa ní Ṣàngó jọba ní Ọ̀yọ́. Zeus ni olórí àwọn òrìṣà Olympus, ó sì fipá gba ìjọba náà lọ́wọ́ Kronos bàbá rẹ̀, bí Kronos ṣe gbà á lọ́wọ́ Ouranos tó jẹ́ bàbá tirẹ̀. Nínú ìtàn tiwa, kò sí òrìṣà tó gba ìjọba lọ́wọ́ Olódùmarè. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ ò ní rí ti Gíríìsì dáadáa, ẹ ò sì ní rí tiwa.

Akẹ́kọ̀ọ́Àtijọ́

@ỌmọÌṣẹ̀ṣe, òótọ́ lẹ sọ, mo dúpẹ́. Mo fi kún un pé lára tẹ́ḿpìlì Asklepios ní Epidauros, ìlú kan ní Gíríìsì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ mọ́, pé ríronú ohun mímọ́ sì ni mímọ́. Ẹni tó bá sọ pé ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń fọ̀, tí ọkàn kò kàn wọ́n, kò sọ òótọ́ tán.

Síbẹ̀, ẹ̀gbin àti ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Oedipus, ọba Thebes nínú ìtàn wọn, kò mọ̀ pé bàbá òun ni òun pa, kò mọ̀ pé ìyá òun ni òun fẹ́, àmọ́ ẹ̀gbin náà wà lára rẹ̀, àjàkálẹ̀ àrùn sì bọ́ sí gbogbo ìlú Thebes. Orestes, ọmọ ọba nínú ìtàn mìíràn, pa ìyá rẹ̀ nítorí pé òrìṣà Apollo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń wò. Jésù ní láti inú ọkàn ni ohun tó ń sọ ènìyàn di aláìmọ́ ti ń jáde. Máàkù orí 7 ni.

Ọ̀rọ̀ Kronos tí ẹ mẹ́nu bà náà ṣe pàtàkì. Àwọn òrìṣà Gíríìkì kò dá ayé. Hesiod ní Chaos, ìyẹn òfìfo ńlá, ló kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn náà Ilẹ̀, inú ayé ni wọ́n ti bí àwọn òrìṣà. Bí ẹ bá ka Jẹ́nẹ́sísì 1:1 tẹ̀ lé e, ẹ ò ní láti ṣàlàyé púpọ̀.

Nọ́ọ̀sìÀgbà

Ti Asklepios ni mo fẹ́ sọ, nítorí iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni iṣẹ́ mi, ìtàn rẹ̀ sì ti pẹ́ lọ́kàn mi.

Ní Epidauros, aláìsàn á wẹ̀, á rúbọ, á sùn mọ́jú nínú ilé kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé òrìṣà náà á wá bá a lójú àlá. Wọ́n gbẹ́ ẹ̀rí àwọn tí ara wọ́n dá sára òkúta ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin ṣáájú ìbí Kristi, àwọn òkúta náà sì wà títí dòní. Ọ̀kan lára wọn sọ ti Ambrosia, obìnrin ará Áténì tí ojú rẹ̀ kan fọ́. Ó ń rìn káàkiri ọgbà náà, ó ń fi àwọn ẹ̀rí rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé arọ àti afọ́jú á wá sàn torí pé wọ́n lálàá. Nígbà tó sùn, òrìṣà náà dúró tì í, ó ní òun á wò ó sàn, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbé ẹlẹ́dẹ̀ fàdákà kan sí ilé òun kí wọ́n lè máa fi rántí àìmọ̀kan rẹ̀. Ó la ojú náà, ó da oògùn sí i. Ilẹ̀ mọ́, obìnrin náà jáde, ojú rẹ̀ ti là.

Ẹ ka ìyẹn fún àwọn ọmọ, kí ẹ wá ka Máàkù 9:24, níbi tí bàbá ọmọ tí ẹ̀mí àìmọ́ ń dà láàmú ti ké pé òun gbàgbọ́, kí Jésù ran àìgbàgbọ́ òun lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì ló ṣiyèméjì, àwọn méjèèjì ló rí ìwòsàn. Ti obìnrin yẹn, ẹlẹ́dẹ̀ fàdákà ló fi san án, ìtìjú rẹ̀ sì wà lára òkúta títí láé. Ti bàbá yẹn, kò san kọ́bọ̀.

Ní ti jíjí òkú dìde, ó wà nínú ìtàn Asklepios lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìparí rẹ̀: Pindar ní wúrà ló wọ̀ ọ́ lójú tó fi ṣe é, Zeus sì sán àrá pa á pẹ̀lú ẹni tó jí. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ kan ikú ti kọjá ààyè rẹ̀ lójú Zeus. Ní ibojì Lásárù, Jésù gbójú sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá.

Olùkọ́Ọ̀dọ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Dionysos ńkọ́? Òun ló mú wọn lọ́kàn jù. Àti Herakles.

Akẹ́kọ̀ọ́Àtijọ́

Ẹ sọ òótọ́ fún wọn láìfi kan pe méjì: ìjọra wà níbẹ̀. Pausanias, arìnrìn-àjò kan tó kọ̀wé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi, ròyìn ọdún Dionysos ní Elis. Àwọn àwòrò á gbé ìkòkò mẹ́ta tó ṣófo sínú ilé kan lójú ará ìlú àti àlejò, wọ́n á fi èdìdì di ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á bá wáìnì nínú wọn. Pausanias ní àwọn ènìyàn pàtàkì nínú ìlú búra fún òun pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun fúnra òun kò débẹ̀ lásìkò ọdún. Ẹ rí i pé ìkòkò òfìfo ni, kò sí omi níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé ìlú Gíríìkì tó gbọ́ ìtàn Kánà lè rántí Dionysos, mi ò jiyàn ìyẹn. Kí ènìyàn rántí nǹkan kò túmọ̀ sí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti jí i.

Ti December 25, kò sí ìwé àtijọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ nípa Dionysos. Ìlú Gíríìkì kọ̀ọ̀kan ló ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀, òṣùpá ni wọ́n sì fi ń ka oṣù. Bíbélì pàápàá kò sọ ọjọ́ tí wọ́n bí Jésù. Ìwé kàlẹ́ńdà kan tí wọ́n ṣe ní Róòmù ní ọdún 354 wà lára ibi tó pẹ́ jù tí a ti rí ọjọ́ yẹn. Ìbí Dionysos fúnra rẹ̀ kò jọ ti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù rárá: Semele ìyá rẹ̀ ní kí Zeus fara han òun bí ó ṣe rí gan-an, mànàmáná sun ún, Zeus yọ ọmọ náà nínú rẹ̀, ó rán an mọ́ itan ara rẹ̀ títí oṣù rẹ̀ fi pé.

Ti Herakles, Zeus gbé àwọ̀ ọkọ Alkmene wọ̀, ó wọlé tọ̀ ọ́, obìnrin náà rò pé ọkọ òun ló dé láti ojú ogun. Màríà ní tirẹ̀, wọ́n sọ fún un, ó béèrè ìbéèrè, ó sì fẹnu ara rẹ̀ gbà. Bí àwọn ọmọbìnrin bá wà nínú kíláàsì yín, wọ́n á rí ìyàtọ̀ yìí kí ẹ tó là á. Herakles fi iṣẹ́ ńlá dé ọ̀dọ̀ àwọn òrìṣà, láti ilẹ̀ lọ sókè. Fílípì orí 2 ní Jésù ti wà lókè, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wá di ìránṣẹ́.

Ohun kan kù tí ọ̀pọ̀ onífídíò kì í sọ: àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ fúnra wọn ló kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ ìjọra yìí sílẹ̀. Justin, Kristẹni ọgọ́rùn-ún ọdún kejì tí wọ́n pa ní Róòmù nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, kọ̀wé sí olú ọba, ó ní ohun tí àwọn ń sọ nípa ìbí Jésù, ikú rẹ̀ àti ìgòkè re ọ̀run rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ohun tí ẹ̀yin náà ń sọ nípa àwọn ọmọ Zeus. Ó tilẹ̀ ní Socrates wà lára àwọn tó bá Ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn Kristi bí Jòhánù orí 1 ṣe pè é, rìn kí a tó bí Kristi. Kò sí àṣírí kankan tí ẹnikẹ́ni tú.

ỌmọÌjẹ̀bú

Mo gbà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló rí i bíi Justin o. Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni kan ní Áfíríkà Àríwá, béèrè pé kí ló pa Áténì àti Jerúsálẹ́mù pọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ lèmi wà.

ÀlùfáàÀgbà

Ọmọ mi, Pọ́ọ̀lù lọ sí Áténì. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣe níbẹ̀.

Ó rí pẹpẹ tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ti Ọlọ́run tí a kò mọ̀ ni. Kò wó o, kò tutọ́ sí i. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Àwọn Epikúréì wà níbẹ̀, àwọn tó gbà pé àwọn òrìṣà wà níbi tiwọn, pé wọn kì í yọjú sí ọ̀rọ̀ ènìyàn. Àwọn Sítóíkì wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pe làákàyè tó ń darí gbogbo ayé ní Zeus. Pọ́ọ̀lù wá fa ọ̀rọ̀ akéwì kan yọ fún wọn, pé àwa pẹ̀lú jẹ́ ọmọ rẹ̀. Aratus ló ni ewì náà, ará Kìlíkíà bíi Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, Zeus sì ni Aratus ń yìn níbẹ̀. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará. Àpọ́sítélì fi ìlà kan nínú ewì Zeus wàásù Ọlọ́run tó dá ọ̀run àti ayé.

Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ títí ó fi dé orí àjíǹde. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣẹ̀sín. Kí ló dé? Ní ọdún 458 ṣáájú ìbí Kristi, Aeschylus gbé eré kan jáde ní Áténì nípa bí wọ́n ṣe dá ilé ẹjọ́ Areopagus sílẹ̀. Níwájú ilé ẹjọ́ náà, Apollo sọ nínú eré yẹn pé bí ènìyàn bá ti kú, tí eruku sì ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu, kò sí àjíǹde fún un mọ́. Láti ẹnu òrìṣà wọn ni. Ó ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún lọ lẹ́yìn náà tí Pọ́ọ̀lù dìde ní Areopagus kan náà, ó ní ọkùnrin kan ti jí dìde. Ẹni tó bá mọ ti Apollo ló máa mọ bí ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù ṣe wúwo tó. Díónísíù tó jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ náà gbà á gbọ́, obìnrin kan tó ń jẹ́ Dámárì náà gbà á gbọ́.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fi ṣe ikú, ẹ tún sọ ti Achilles fún wọn. Nínú ewì Homer, Odysseus bá a ní ipò òkú, ó ń pọ́n ọn lé pé ọba ni láàárín àwọn òkú. Achilles dá a lóhùn pé ó sàn fún òun kí òun wà láyé kí òun máa ṣe alágbàṣe fún tálákà tí kò ní ilẹ̀ tirẹ̀, ju kí òun jọba lórí gbogbo òkú lọ. Akọni tó lókìkí jù lọ nínú gbogbo ìtàn wọn ló sọ bẹ́ẹ̀.

AyọmidéL

Ẹ kú àlàyé, bàbá. Ṣé kò wá sí ẹni tó ní ìrètí kankan láàárín wọn ni?

Akẹ́kọ̀ọ́Àtijọ́

Ó wà. Ní Eleusis, lẹ́bàá Áténì, wọ́n ń ṣe awo Demeter, òrìṣà ọkà, àti Persephone ọmọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ èdè Gíríìkì, tí kò sì ní ẹ̀jẹ̀ ènìyàn lọ́wọ́, lè wọ̀ ọ́, ọkùnrin, obìnrin, ẹrú, ẹni òmìnira. Wọ́n pa àṣírí rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè to ohun tí wọ́n ń ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà jọ tán. Orin ìyìn Demeter ní aláyọ̀ ni ẹni tó bá ti rí i, pé ìpín ẹni tí kò rí i kò lè dà bíi tirẹ̀ nínú òkùnkùn lọ́hùn-ún. Ìrètí gidi ni, ó sì tu ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún, títí olú ọba Theodosius fi fòfin de irú ìsìn bẹ́ẹ̀ ní ọdún 392.

Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ awo ló ni ìpín náà, ohun yòówù kí ìwà rẹ̀ jẹ́. Diogenes amòye ló béèrè pé ṣé Pataikion olè á wá ní ìpín tó dára ju ti Epaminondas, ọ̀gágun tí gbogbo ènìyàn ń bọ̀wọ̀ fún, lọ torí pé olè náà ti ṣe awo. Ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ náà ní ìbéèrè yìí, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n bi ara wọn ní irú rẹ̀ nípa ìrìbọmi.

ÌyáAyọ̀

Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní lítíréṣọ̀ rí, ibì kan sì wà nínú eré Gíríìkì tí mi ò lè kà láìdúró.

Hippolytos, ọ̀dọ́ ọmọ ọba kan, fẹ́ràn òrìṣà Artemis. Ó já òdòdó ní pápá tí àdá kò kàn rí, ó fi ṣe adé, ó gbé e wá fún un. Ó máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀, kì í rí ojú rẹ̀. Ní ìparí eré náà, ó ń kú lọ láìṣẹ̀ láìrò, Artemis sì dé. Ó sọ òtítọ́ fún bàbá rẹ̀, ó ní wọn kò ní gbàgbé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ó dìgbà, torí pé kò tọ́ kí òun wo òkú, kí èémí ìkẹyìn ẹni tó ń kú má baà ba ojú òun jẹ́. Ó lọ. Ọmọ náà ní ẹ wo bó ṣe rọrùn fún un tó láti fi ọ̀rẹ́ ọjọ́ pípẹ́ sílẹ̀.

Euripides ló kọ ọ́, ní ọdún 428 ṣáájú ìbí Kristi, ará Gíríìsì tó ń bá àwọn ará Gíríìsì sọ̀rọ̀. Ẹ wá ka Jòhánù orí 19 lẹ́yìn rẹ̀. Ọlọ́run tí a ń sìn kò yẹra fún ikú, òun gan-an ló kú. Olùkọ́, bí ẹ bá ní ohun kan ṣoṣo tí ẹ máa kà sókè fún wọn nínú gbogbo èyí, ibẹ̀ ni kí ó jẹ́.

Olùkọ́Ọ̀dọ́

Ma, mo ti fi í sí ọjọ́ kejì. Ìbéèrè mi ìkẹyìn: mo mọ̀ pé ọmọ kan máa béèrè nípa ẹran. Ṣé Kristẹni ìgbà yẹn jẹ nínú ẹran ẹbọ? Ẹ mọ̀ pé tí ọdún bá dé ládùúgbò, àwo ẹran máa ń wọlé.

ÀlùfáàÀgbà

Kọ́ríńtì kìíní, orí 8 àti orí 10. Ọ̀rọ̀ náà le fún wọn gan-an, nítorí ibi ẹbọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jẹ ẹran, ilé òrìṣà sì ní yàrá ìjẹun. Àwọn awalẹ̀pìtàn hú irú yàrá bẹ́ẹ̀ jáde ní Kọ́ríńtì gan-an, ní ọgbà Asklepios àti ní ọgbà Demeter tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè. Bí ẹnì kan bá pè ọ́ wá jẹun, ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni. Pọ́ọ̀lù pín in sọ́nà mẹ́ta. Ti tábìlì òrìṣà fúnra rẹ̀, ó ní rárá. Ti ẹran tí wọ́n ń tà lọ́jà, ẹ jẹ ẹ́, ẹ má wádìí. Ti ilé ọ̀rẹ́ tó pè yín, ẹ jẹ ohun tó bá gbé kalẹ̀, àyàfi tí ẹnì kan bá sọ pé ẹran ẹbọ ni, nígbà náà ẹ fi í sílẹ̀ nítorí ẹ̀rí ọkàn ẹni tó sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka orí méjèèjì fúnra wọn kí wọ́n tó jiyàn.

Akẹ́kọ̀ọ́Àtijọ́

Olùkọ́, gbogbo ìwé Gíríìkì tí a dárúkọ lókè wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú òpó Perseus ti Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, Gíríìkì àti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má fún wọn ní odidi ìwé. Ẹ tẹ ìlà ogún tàbí ọgbọ̀n jáde lórí bébà kan, kí ẹ tẹ ibi tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú Bíbélì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọmọ méjì sí bébà kan. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi àwọn tí ẹ yàn ránṣẹ́ síbí, mo máa bá yín fi wọ́n wé ti Gíríìkì kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé.